Tìróò

Tìróò ni lúbúlúbú dúdú tí à ń fi igi tín-ín-rín lé sí etí ìpéǹpéjú. A kì í kùn ún, a máa ń lé e ni. Òkúta dídán kan ni wọ́n ń lọ̀ kúnná láti fi ṣe é, òjé ló sì kún inú òkúta náà, òjé tí ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ní Boston lọ́dún 2011, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan. Tìróò láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé inú rẹ̀ lé ní 80 nínú 100. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á ki ọwọ́ bọ ẹnu, òjé á sì wọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé tìróò fún ọmọ ọwọ́ mọ́.