Wíwá Ipasẹ̀ Rélùwéè Kékeré ti Ìlú Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí bóyá lóòótọ́ ni ọkọ̀ ojú irin ti rìn rí ní Erékùṣù Èkó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n fi ojú irin náà han òun. Kò sí ibi tí mo lè nàka sí.

Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó lọ sí òkè. Ní oṣù kẹta ọdún 1901, nígbà tí Sir William MacGregor jẹ́ gómìnà, a ṣí i dé Ìbàdàn. Ìddó ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò wọ Erékùṣù. Afárá Carter, tí a parí ní ọdún 1901 kan náà, ni ó so Ìddó mọ́ Erékùṣù. Ní ọdún 1902, a tẹ́ ojú irin kékeré kan gba orí afárá náà wọ ìlú.

Ojú irin ńlá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹsì 6. Ti kékeré kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínǹsì 6 lọ. Nítorí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo yìí, ọkọ̀ ńlá kò lè tẹ ojú irin kékeré; dandan ni kí a sọ ẹrù kalẹ̀ kí a sì tún un dì. Nígbà tí èbúté Àpápá parí ní ọdún 1926, tí ojú irin ńlá sì dé ibẹ̀, ẹrù òkè lè dé ẹnu ọkọ̀ òkun láìkan Erékùṣù. Ní ọdún 1933, rélùwéè kékeré kógbá sílé.

Níbo ni eérú rẹ̀ wà? Ọ̀dà ti bo ilẹ̀ Erékùṣù. Afárá tí ó gbé irin náà pàápàá kò sí mọ́: ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni a tú u tí a sì kọ́ òmíràn. Ẹni tí ó bá ń wá ipasẹ̀ ní láti kọjá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi tí ilé iṣẹ́ ìtúnṣe ọkọ̀ ojú irin ńlá wà. Níbẹ̀ ni ilé Jaekel, tí a kọ́ ní ọdún 1898, wà. A tún un ṣe ní ọdún 2010, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kan náà ni a ṣí ibùdókọ̀ ojú irin tuntun sí ní ọdún 2021.

Ṣùgbọ́n ilé nìkan kọ́ ni ipasẹ̀. Lókò, gáàdì, fítà: iṣẹ́ ojú irin wà lára ohun tí ó kó irú ọ̀rọ̀ báyìí wọ ẹnu wa. Ipasẹ̀ tún wà nínú ìṣe ènìyàn. Ní ọdún 1941, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìtúnṣe náà, tí Michael Imoudu ṣáájú, fẹsẹ̀ rìn láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lọ bá gómìnà ní Marina nítorí owó iṣẹ́. Orí Afárá Carter ni wọ́n gbà, ojú ọ̀nà tí rélùwéè kékeré ti gbà rí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà ní iwájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti ọdún 1945, tí ó ju ogójì ọjọ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni à ń gbà wá ohun tí ó ti parẹ́: ilẹ̀, èdè, àti ẹnu àgbà. Ilẹ̀ kì í sá lọ bí ọ̀dà tilẹ̀ bò ó. Èdè a sì máa tọ́jú ohun tí ojú kò rí mọ́. Ẹnu àgbà nìkan ni kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó wọ rélùwéè kékeré náà ti lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n pa ìtàn rẹ̀ fún sì ti di arúgbó. Nítorí náà, mo ti fún akẹ́kọ̀ọ́ mi ní iṣẹ́ àmúrelé: kí ó lọ jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀, kí ó béèrè, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí.