Bí Ìmọ̀ràn Ṣe Lé Sobìà Kúrò ní Ìbàràpá

Sobìà kì í ṣe àrùn àná láàárín àwọn Yorùbá. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú òwe: bí sobìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Ẹni tí ó pa òwe yìí mọ àrùn náà, ó sì mọ ìtọ́jú rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni ọ̀nà tí ó gbà wọ ara. A kò lè bá a wí. Láti ọjọ́ tí ènìyàn bá ti mu omi búburú títí di ọjọ́ tí aràn náà yóò yọrí síta ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tó nǹkan bí ọdún kan. Ta ni yóò rántí omi tí ó mu ní èṣí?

Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá láti 1963. Nígbà tí àwọn olùwádìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn ará Ìdèrè sọ̀rọ̀ lórí sobìà, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ara olúkúlùkù ni ó ti wà láti ìgbà ìbí rẹ̀, bí iṣan. Kí òpìtàn má ṣe yára pe èyí ní ìwà òpè. Ẹni tí ó ń rí okùn funfun tí ń yọ ní ẹsẹ̀ ará ilé àti ará àdúgbò lọ́dọọdún kò ṣàì ní ìdí fún èrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò náà ní àbájáde: bí sobìà bá jẹ́ apá kan ara, kí ni à ń sẹ́ omi sí?

Inú omi adágún ni kòkòrò kékeré kan wà tí ó ti gbé ọmọ sobìà mì. Ẹni tí ó mu omi náà gbé méjèèjì mì. Kòkòrò a kú sínú ikùn, ṣùgbọ́n ọmọ sobìà a là á já, abo rẹ̀ a sì dàgbà títí yóò fi gùn tó mítà kan. Bí àkókò rẹ̀ bá tó, ẹsẹ̀ a lé ròrò, a sì máa ta bí iná. Kí ni aláìsàn yóò ṣe ju kí ó ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù? Ibẹ̀ gan-an ni sobìà ti ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, ti tọ́ka sí kòkòrò yìí láti nǹkan bí 1870. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ inú ìwé kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé etí odò.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi ti fà, ni ó ń jà jù. Àgbẹ̀ a wà ní ìdùbúlẹ̀ nígbà tí irè ń bẹ lóko, ọmọ a sì jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìlọ sí ilé-ìwé. A kì í fa aràn náà yọ lẹ́ẹ̀kan. Igi tín-ín-rín ni a fi ń ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí ó bá sì já sínú, ìyà di ìlọ́po. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí ń pa á. Ẹni tí ó mú lọ́dún yìí, ó tún lè mú un ní àmọ́dún.

Ìmọ̀ràn ni ohun ìjà tí ó kù: kí a fi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún, kí ẹni tí sobìà ń yọ ní ara rẹ̀ má sì ṣe wọ inú odò. Ní Ìdèrè, a kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn aránṣọ ìlú rán asẹ́ láti ara aṣọ ọ̀rá tí ojú rẹ̀ kéré tó láti dá kòkòrò dúró, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò sì ń tà á. Lóòótọ́, kànga àti omi ẹ̀rọ sàn ju asẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn kì í dúró de ẹ̀rọ.

Nígbà tí a wá sobìà kiri gbogbo abúlé Nàìjíríà ní 1988, àwọn tí ó mú ju 650,000 lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni mínísítà ìlera nígbà náà. Lẹ́yìn náà, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba àtijọ́, fúnra rẹ̀ ń lọ sí abúlé láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí omi wọn. Ní oṣù Kọkànlá 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sobìà ti tán ní Nàìjíríà. Ní gbogbo ayé, ènìyàn 14 péré ni a kà ní 2023. Ní ọdún náà, ara ajá ni wàhálà kù sí jù, pàápàá ní ilẹ̀ Chad.