Kúbà àbí Trinidad?

Tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú owó ìsinmi lọ sí Kàríbíà, ṣé Kúbà ni àbí Trinidad?

Nígbà tí ogun fọ́ Ọ̀yọ́, kò sẹ́ni tó bi àwọn èèyàn wa léèrè. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n kó lọ sí Kúbà di ẹrú nínú oko ìrèké. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí níbẹ̀. Lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun dé Trinidad lẹ́yìn 1838, gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe tó ń gbowó.

Wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó ní erékùṣù méjèèjì. Ṣé bàtá lẹ fẹ́ gbọ́? Ẹ lọ sí Kúbà, ẹ béèrè àwọn Lukumí. Ẹ ò gbọ́ Sípáníìṣì? Trinidad ló máa rọ̀ yín lọ́rùn.