Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìbílẹ̀ ní Jos
Àríyànjiyàn wà lórí ẹni tó ni ìlú Jos, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Plateau. Àwọn Berom, Anaguta àti Afizere ni wọ́n ń pè ní ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ìwakùsà láyé àwọn òyìnbó amúnisìn ba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko àwọn Berom jẹ́. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà.

Abala 42 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà léèwọ̀. Abala 147 ní kí mínísítà jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà kò túmọ̀ ọmọ ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń béèrè fún iṣẹ́ ìjọba àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Hausa, Yorùbá àti Igbo tí wọ́n bí sí Jos kì í sábà rí i gbà.

Wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Jos North sílẹ̀ ní 1991. Àríyànjiyàn náà di ìjà ní Jos ní 1994, 2001, 2008 àti 2010, ẹ̀mí sì ṣòfò. Nàìjíríà ta kété sí ìbò nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Àwọn Ọmọ Ìbílẹ̀ ní 2007. Títí òfin yóò fi túmọ̀ ọmọ ìbílẹ̀, orí ìwé lásán ni ẹ̀tọ́ tọ̀túntòsì yóò wà.