Kírénì Kọ̀ntéénà ní Èbúté Lekki

Kírénì kọ̀ntéénà ni ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gbé àpótí irin ńlá tí ẹrù wà nínú rẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun sórí ilẹ̀, àti láti orí ilẹ̀ sínú ọkọ̀. Ní Èbúté Lekki, ní Ìbejú-Lekki, ìpínlẹ̀ Èkó, oríṣi méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: ti etí omi, tó ń rìn lórí irin bíi ti rélùwéè, àti ti ọgbà, tó ń fi táyà rìn. Ọkọ̀ òkun Zhen Hua 28 kó mẹ́ta ti etí omi àti mẹ́wàá ti ọgbà dé láti Ṣáínà ní oṣù Keje ọdún 2022. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí èbúté náà ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2023, iṣẹ́ ajé sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin.

Ọ̀nà mẹ́ta ni kírénì etí omi ń gbà rìn bó bá ń ṣiṣẹ́. Odindi ẹ̀rọ ń lọ, ó ń bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Lókè, kẹ̀kẹ́ kan ń sáré lórí apá gígùn tó nà dé ìhà kejì ọkọ̀. Láti ara kẹ̀kẹ́ yìí ni okùn wáyà ti ń gbé ẹrù sókè, tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mọ́tò iná ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, bíi ti ọkọ̀ ìṣeré tí ọmọdé ń fi rìmóòtù darí. Mọ́tò ń yí kíákíá, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè gbé ẹrù. Gíà ló ń dín eré náà kù, tó ń sọ ọ́ di agbára: gíà kékeré ń yí ńlá, títí ìlù irin tí okùn wé mọ́ yóò fi máa yí díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì lè gbé kọ̀ntéénà tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 30.

Férémù irin ló wà ní ìsàlẹ̀ okùn, ó sì lè gùn tàbí kúrú láti bá kọ̀ntéénà ẹsẹ̀ bàtà 20 tàbí 40 mu. Kọ́kọ́rọ́ irin tó wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ ihò igun kọ̀ntéénà, wọ́n á sì yí láti há. Bí ọ̀kan kò bá tíì há, ẹ̀rọ kò ní gbéra.

Bíréèkì ni ààbò tó ga jù. Sípíríìngì ló ń fún un pa, iná ló ń tú u sílẹ̀. Nítorí náà, bí iná bá lọ lójijì, bíréèkì yóò há fúnra rẹ̀, ẹrù yóò sì dúró sókè níbi tó wà.

Kírénì ọgbà ń to kọ̀ntéénà lé ara wọn. Bó bá fẹ́ bọ́ sí ìlà mìíràn, yóò dúró, táyà rẹ̀ yóò yí sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì gba ọ̀nà tuntun.

Ọwọ́ ìdarí tí awakọ̀ ń tì kò fa okùn kankan. Ó ń fi àmì iná ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì sọ bí iná tó ń lọ sínú mọ́tò yóò ṣe pọ̀ tó. Nítorí èyí ni a fi lè darí irú kírénì bẹ́ẹ̀ láti inú yàrá tó jìnnà, pẹ̀lú kámẹ́rà àti wáyà ìbánisọ̀rọ̀. Bí àmì bá já, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró.

Afẹ́fẹ́ òkun ni ọ̀tá kírénì. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń mú irin dípẹtà, nítorí náà a ń kun irin ní ọ̀dà, a ń fi gíríìsì sí okùn, a sì ń pààrọ̀ okùn tó bá ti gbó. Bí ìjì bá le, a ó dá iṣẹ́ dúró, a ó sì fi ìdè irin de kírénì mọ́ ilẹ̀.