Ìdarí Ara Ẹni Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Tó Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ayélujára

Ní ọdún 1986, Charles Manz, onímọ̀ ìṣàkóso ní Amẹ́ríkà, ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ṣì ń dà pọ̀. Èkíní ni ìṣàkóso ara ẹni: ẹlòmíì ti pinnu iṣẹ́, tiwa ni ká ṣe é lásìkò. Èkejì ni ìdarí ara ẹni, níbi tí èèyàn ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó yẹ ní ṣíṣe gan-an àti ìdí tó fi yẹ.

Ọdún 2002 ni nǹkan mẹ́ta pàdé. Ọdún náà ni àwọn olùwádìí Houghton àti Neck gbé ìbéèrè 35 jáde láti fi wọn ìdarí ara ẹni. Ọdún náà ni Moodle, gbàgede ìkẹ́kọ̀ọ́ orí ayélujára, jáde láti Ọsirélíà. Òun náà ni ìjọba Ọbásanjọ́ jí NOUN dìde, yunifásítì ìkẹ́kọ̀ọ́ látòkèèrè ti Nàìjíríà tí ìjọba ológun tì ní 1984 nígbà tí kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n dá a sílẹ̀.

Irú gbàgede ìkẹ́kọ̀ọ́ bíi Moodle ń fi gbèdéke iṣẹ́ han akẹ́kọ̀ọ́, ó ń rán an létí, ó sì ń sàmì sí ibi tó kà dé. Ní NOUN, máàkì 30 nínú 100 wà lọ́wọ́ TMA, iṣẹ́ àṣetiléwá orí ayélujára. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù tàbí tó ń tajà á tibẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń pín àkókò, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n gbàgede ló ń rántí, òun náà ló ń pàṣẹ. Ìṣàkóso ara ẹni ni Manz máa pe ìyẹn.

Àwọn tó fẹ́ràn iye á tọ́ka sí ìwádìí Reich àti Ruipérez-Valiente tí ìwé àtìgbàdégbà Science tẹ̀ jáde ní 2019: nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì MIT àti Harvard lórí gbàgede edX ní 2017 sí 2018, ìdá 3.13 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló parí. Wọ́n á ní àìlèdarí ara ẹni ló fà á. N kò gbà tán. Ẹni tó wọlé, tó mú ohun tó ń wá, tó sì bá tirẹ̀ lọ, ṣé kò darí ara rẹ̀ ni?

Nílẹ̀ wa, àkọsílẹ̀ ìwọlé lè purọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ owó dátà á dúró de dátà òru, á dáńlóòdù gbogbo PDF rẹ̀, á jáde, á sì máa kà á nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Nínú gúrúùpù WhatsApp, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á jọ pinnu ẹni tó máa gba fídíò sílẹ̀ fún àwọn yòókù, ẹni tó máa ṣàlàyé ìṣirò, àti ilé ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n á ti ṣáájì fóònù. Kò sí olùkọ́ tó yan iṣẹ́ wọ̀nyí fún wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdarí ara ẹni, kódà bí Manz tilẹ̀ ní ẹnì kan ṣoṣo lọ́kàn. Lójú gbàgede, ọ̀lẹ tó wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ẹni tó sanwó fún oníkafé kó bá òun ṣe TMA ńkọ́? Ó ń wọlé déédéé, máàkì rẹ̀ sì pé.

Nínú ìbéèrè 35 yẹn, kò sí èyí tó kan iná tàbí dátà, kò sì sí èyí tó béèrè ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà gan-an. Olùwádìí tó bá fẹ́ lò ó ní Ìbàdàn tàbí Èkó ní láti fi wọ́n kún un.