Ibi Tí Aláàárù Ti Ń Sọ̀

Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ìwé tó ń kọ lọ́wọ́ wá bá mi pé kí n bá òun wò ó. Ìtọ́sọ́nà ni, fún ẹni tó fẹ́ fi bààlúù, reluwé àti kẹ̀kẹ́ yí ayé ká láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kankan bá a ṣètò rẹ̀. Yorùbá ló fi kọ gbogbo rẹ̀, inú mi sì dùn. Àmọ́ ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ mi ti kọ́. Ó pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní "arìnrìn-àjò olómìnira". Mo ní, "Àbúrò, ẹ̀wọ̀n wo ni wọ́n ti dá a sílẹ̀?"

Ìlú tó bọ́ lọ́wọ́ amúnisìn ló ń gba òmìnira. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ibi tí yóò sùn, kò gba òmìnira lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dá ètò rẹ̀ ṣe ni. Nínú "dá" yẹn ni ọ̀rọ̀ tí à ń wá wà. "Adárìn" ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo sì gbé e tì, torí ẹni tí kò lẹ́nì kejì ni adárìn, bẹ́ẹ̀ tọkọtaya lè jọ rìn kí wọ́n má sì gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kankan. "Ìrìn-àjò àdáṣe" la fà sí. Ètò la dá ṣe; ọ̀nà lè gba èèyàn méjì.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò sọ pé kí la wá ń dààmú sí, ṣebí Àjàlá là ń pe irú wọn. Òótọ́ ni. Ní 1952, Ọlábísí Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ ní Amẹ́ríkà láti Chicago lọ sí Los Angeles, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó gun Vespa láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, ó sì kọ ìwé rẹ̀ An African Abroad ní 1963. Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin, orúkọ ọ̀hún sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó di ti gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn nípa ìrìn-àjò tí ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó ṣẹ̀dá tó sì rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí náà a máa sọ pé, "Àjàlá, o ti dé?" Ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀gàn díẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A fi í sílẹ̀ fún ẹnu, a ò fi ṣe àkọlé.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló yẹ kí ẹni tó bá ń wá irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ́kọ́ tẹ́tí sí. Orí omi ni ọkọ̀ wà kí ó tó dé ibòmíràn, àjẹ̀ la sì fi ń wà á. Nígbà tí mọ́tò dé, a ò wá orúkọ lọ sí ìdálẹ̀. A wọ́ ọkọ̀ gòkè odò, ó di ọkọ̀ ilẹ̀. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, nígbà tó fi máa di 1901 reluwé ti ń gbé èrò dé Ìbàdàn, ọkọ̀ wa sì tún bọ́ sórí irin. Bààlúù dé, ọkọ̀ fò. Títí dòní, dẹ́rẹ́bà tí kò mọ odò wẹ̀ ṣì ń "wa" ọkọ̀ lójú títì, kò sì sẹ́ni tó bi í pé àjẹ̀ rẹ̀ dà.

Kẹ̀kẹ́ kò bá ọkọ̀ lọ. Ẹ̀yìn ẹṣin ló tọ̀. A kì í wọ kẹ̀kẹ́, gígùn là ń gùn ún. Ẹni tó bá rò pé àṣìṣe ni, kó ronú kan Thomas Stevens, tó kúrò ní San Francisco ní oṣù kẹrin 1884, tó sì parí ìrìn rẹ̀ yí ayé ká ní Yokohama ní oṣù kejìlá 1886. Ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga tó àyà àgbàlagbà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kéré bí abọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó lórí irú rẹ̀ ní láti gùn ún lóòótọ́. Mo ti ń gbọ́ "wa kẹ̀kẹ́" lẹ́nu àwọn ọmọ ìsinsìnyí, mi ò sì bá wọn jà. Nínú ìwé yìí, "gùn" la dúró lé.

Físà kò gbà wá lásìkò. Wọ́n ti ń kọ "ìwé àṣẹ ìwọ̀lú" nínú ìwé ìròyìn, ẹnu ń pè é ní físà, méjèèjì wọlé.

Ti reluwé dùn mọ́ mi jù bí mo ti rò. Ojú irin kì í fẹ̀ bákan náà níbi gbogbo. Ti àtijọ́ tiwa jẹ́ mìlímítà 1,067. Ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 jẹ́ 1,435, ìyẹn ni ọkọ̀ ti ọ̀kan kò ṣe lè gba orí èkejì. Ní Erenhot, níbi tí Ṣáínà ti bá Mòǹgólíà pààlà, wọ́n á gbé ọkọ̀ náà sókè pẹ̀lú èrò inú rẹ̀, wọ́n á tú irin àti táyà abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì ki èyí tó bá ojú irin iwájú mu bọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin wa fi gbólóhùn gígùn mẹ́rin ṣàlàyé rẹ̀. Mo ní kí la fi mẹ́káníìkì ṣe? Wọ́n ń pe táyà ní ẹsẹ̀ mọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́. Ó pa á rẹ́, ó kọ ọ́ pé: "Ní Erenhot, ọkọ̀ á pààrọ̀ ẹsẹ̀."

Èyí tó le jù ni ti bààlúù tó ń já èèyàn sílẹ̀ kó tó wọ òmíràn. Ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Tókíò lè jókòó sí Addis Ababa fún wákàtí méje. Ọ̀dọ́kùnrin wa kọ "ìdádúró". Bí bààlúù kò bá gbéra lásìkò, ìdádúró nìyẹn. Bí ọ̀gá bá ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ sílé, ìdádúró náà ni. Èwo nínú méjèèjì ni arìnrìn-àjò fẹ́ gbọ́?

Ọjọ́ kẹta ni mo rántí ibùsọ̀. Aláàárù àti alájàpá tó ń ru ẹrù láti ìlú dé ìlú mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀: abẹ́ igi, etí odò, ẹ̀gbẹ́ ìyá ẹlẹ́kọ. Sísọ̀ kì í ṣe dídé. Ẹni tó sọ̀ kò tú ẹrù. Á na ẹ̀yìn, á mu omi, á sì ní kí ẹlòmíràn bá òun gbé e rù. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi ibùsọ̀ ka máìlì, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rò pé máìlì nìkan ló ń jẹ́. Ìyẹn náà ba ọmọkùnrin náà lẹ́rù. Mo ní kó kọ ọ́ sínú gbólóhùn kó sì kà á sókè: "A sọ̀ ní Addis Ababa fún wákàtí méje." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àmọ́ ẹrù kì í bá èèyàn sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, inú bààlúù kejì ni wọ́n ń gbé e lọ tààrà. Òótọ́ ló sọ. Àwa gan-an ni ẹrù tí wọ́n sọ̀.

Ó tún pe àìróorunsùn ẹni tó fò kọjá òkun ní "àárẹ̀ bààlúù". Mi ò gbà. Kẹ̀kẹ́ ló ń fa àárẹ̀. Láti Moscow dé Vladivostok jẹ́ kìlómítà 9,289, aago ìlú méjèèjì sì fi wákàtí méje jura wọn lọ, síbẹ̀ ohun tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹni tó bá fi reluwé rìn ín, torí oorun rẹ̀ ń tọ̀ ọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bààlúù ló ń sáré fi oorun èèyàn sílẹ̀. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Mo ti dé, oorun mi kò tíì dé." Orúkọ kò sí fún un, a ò sì wá a mọ́.

Ó wá ku àpò méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Mo lọ bá bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹni tí táyà, túùbù, ṣéènì àti bíréèkì ń dún lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé ilé wa la ti bí wọn. Mo fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù, mo ní, "Bàbá, kí lẹ máa pe èyí?" Wọ́n wò ó títí. "Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dì ní gàárì nìyí." Bí àpò gàárì ṣe wọ ìwé nìyẹn.

Mo fi abala yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan lórí fóònù tí kò ní àmì ohùn. Ó dá mi lóhùn pé irú ebi wo ló máa pa wọ́n lọ́nà tí wọ́n á fi di gààrí mọ́ kẹ̀kẹ́, àpò mélòó sì ni? Mo ní méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.